Bàbá Ọlọ́dà, Ẹni Tó Pa Pátákó Ara Rẹ̀ Rẹ́

Ó ti lé ní oṣù kan tí a sin bàbá àgbà mi ní Òmù-Àrán, àwọn èèyàn ò sì tíì yé wá kí wa. Wọ́n á wọlé pẹ̀lú ojú tó fà ro, wọ́n á kí Ìyá Àgbà kú ará fẹ́ra kù, wọ́n á jókòó. Kí àga tó gbóná lábẹ́ wọn, ẹnìkan á ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá Ọlọ́dà..." Ẹlòmíì á já ìtàn náà gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹnì kẹta á ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín á sì gba gbogbo pálọ̀ kan. Nítorí náà, ẹ má retí ẹkún nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Ara mi ń yá gágá ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré kọ ọ́ kí ẹlòmíì tó já a gbà lẹ́nu èmi náà.

Ésékíẹ́lì ni orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Bàbá Ọlọ́dà ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí, nítorí iṣẹ́ ọ̀dà ló ń ṣe. Òun ló ń kọ pátákó fún àwọn oníṣòwò, fún ilé ẹ̀kọ́, fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, láti Òmù-Àrán dé Ìjàrà-Ìsin, dé Bàbáńlá, nígbà mìíràn dé Ṣàrẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní kẹ̀kẹ́ kan tó máa ń so àkàbà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé àkàbà ló ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ọ̀dà pupa ò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀, ẹnìkan fẹ́ fi kẹrosíìnì nù ún kúrò, Ìyá Àgbà sì di onítọ̀hún lọ́wọ́ mú. "Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Òun náà nìyẹn."

Kò lè fara dà á kí orúkọ wà níbì kan kí ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà máà sí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ìdáná àwọn ìyá wa ṣe rí: agolo mílíìkì ni iyọ̀ máa ń wà, agolo bísíkíìtì ni abẹ́rẹ́ àti òwú, agolo ṣúgà, Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Àgbà bu ṣúgà síbi méjì sínú ògì rẹ̀, ó gbé e mu, ó sì tu ú dà sílẹ̀ wàà. Iyọ̀ ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó gbogbo agolo jáde sí àgbàlá, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, ó sì fi lẹ́tà aláràbarà kọ orúkọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Iyọ̀. Ata gígún. Abẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà dé láti ọjà, ó wo agolo, ó wo ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Rúùtù, kí lẹ fi ilé ìdáná mi ṣe?"

"Mo jẹ́ kó máa sọ òtítọ́ ni."

"Èmi tí mi ò mọ̀wé ńkọ́?"

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o kọ́ ọ."

Kò kọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, abẹ́rẹ́ ti wà nínú Iyọ̀, ata ti wà nínú Abẹ́rẹ́, Bàbá Àgbà sì di orí mú. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Imú mi ni mo fi ń ka agolo," ó ní, "kò sì ṣì mí lọ́nà rí."

Rúùtù tí wọ́n fi ń pe Bàbá Àgbà yẹn ni ìyá mi, àkọ́bí wọn, tó ń ṣe tíṣà. Òun ló mọ ìdí tí irú nǹkan báyìí fi máa ń dun bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé fún bí ọdún mẹ́wàá tí Bàbá Àgbà kọ́kọ́ fi kọ pátákó, kò mọ̀wé kà rárá. Ó mọ àwòrán yà ni. Ẹni tó bá fẹ́ pátákó á kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé fún un, òun á wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ojú èèyàn, á sì yà á bó ṣe rí i. Lójú rẹ̀, A jẹ́ àkàbà tó la ẹsẹ̀, O jẹ́ ẹnu ìkòkò, T jẹ́ òpó tó ru pákó. Ó ń yà wọ́n dáadáa débi pé kò sẹ́ni tó fura.

Àfi ìgbà tí télọ̀ kan àti káfíńtà kan gbé iṣẹ́ fún un lọ́jọ́ kan náà. Ó ki ìwé àwọn méjèèjì sínú àpò kan. Nígbà tó kọ wọ́n tán tó kàn wọ́n mọ́gi, gbogbo ọjà dúró. Iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló kọ ọ́ sí pé: A Ń KAN PÓSÍ TÓ LÁGBÁRA. Ẹ WÁ KÍ Á WỌN YÍN. Iwájú ilé káfíńtà tó ń kan pósí ló kọ ọ́ sí pé: AṢỌ ÌYÀWÓ WÀ NÍBÍ. YÓÒ BÁ YÍN LÁRA MU. Ìyá ìyàwó kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá wọn aṣọ ka pátákó télọ̀, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó di eré. Télọ̀ jáde pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ń pariwo pé wọ́n ti ṣe òun.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Àgbà. Ó dé, ó dúró síwájú pátákó kan, ó lọ dúró síwájú èkejì, ó wo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ibo ló ti wọ́? Gbogbo wọn ló gún régé." Àwọn èèyàn rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ìyá mi tó wà níbẹ̀ nìkan ló wo ojú rẹ̀ tó sì mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ka ọ̀rọ̀ méjèèjì sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá Àgbà tún yíjú wo àwọn pátákó náà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé: "Rúùtù, ẹ̀wù ni mo ti ń yà láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ló forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ta sì ni tíṣà? Ìyá mi. Bàbá Àgbà jókòó síwájú pátápátá, orúnkún rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni. Bí ìyá mi bá ti wọlé, á fò dìde, á ṣí fìlà. "Ẹ káàsán, Tíṣà." Ojú ti ìyá mi débi pé kò mọ ibi tí yóò wò. Nígbà tí wọ́n délé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde fún mi mọ́." Bàbá Àgbà wò ó tìyanutìyanu. Ó ní, "Tíṣà ni mo dìde fún. Ọmọ mi wà nílé níbí. Rúùtù, lọ bu omi wá."

Ẹ̀kọ́ náà kò rọrùn fún un. Ìgbómìnà tó ń sọ lẹ́nu yàtọ̀ sí Yorùbá tó wà nínú ìwé, ó sì máa ń bá ìwé jiyàn. Ó ní Yorùbá inú ìwé wọ bàtà, ti ilé wa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Ṣùgbọ́n ní bí oṣù kẹfà, ohun kan ṣí. Ìyá mi ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, òun wà níwájú kíláàsì. Bàbá Àgbà ń kọjá lọ lójú títì níwájú ilé ẹni tó ń ta epo, ó gbójú sókè wo pátákó tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "E... po. Kẹ... ro... síì... nì." Ó kígbe: "Epo kẹrosíìnì!" Ẹni tó ń ta epo jáde, ó béèrè ìgò mélòó ló fẹ́. Bàbá Àgbà ò dá a lóhùn, ó ti sáré dé ìdí pátákó kejì, ti onígbàjámọ̀. "Bá... bà. Bábà!" Ó sáré dé ẹ̀kẹta. Ó ń sáré láti ìdí pátákó kan dé òmíràn káàkiri Òmù-Àrán, ó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ lé e nítorí wọ́n rò pé iná ló ń jó níbì kan. Ó já wọ inú kíláàsì ìyá mi, òógùn bò ó, kò lè mí dáadáa. "Rúùtù!" Ó gbàgbé láti pè é ní Tíṣà. "Rúùtù, wọ́n ń sọ̀rọ̀! Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀!"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ìṣòro fún àwọn oníbàárà. Kò kọ ohun tí kò bá rí mọ́. Bí ẹ bá ní kó kọ "Ẹran tútù wà," á kọ́kọ́ fẹ́ gbóòórùn ẹran náà.

Lọ́dún tí a gba òmìnira, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní kó ya àsíá tuntun sórí pátákó gígùn kan. Kò sẹ́ni tó tíì rí àsíá náà nítòsí. Bàbá Àgbà kọ́kọ́ kọ̀, àfi ìgbà tí ọ̀gá fi lẹ́tà ìjọba hàn án pé àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ni. Bàbá Àgbà yà á ní ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn. Nígbà tó ku ọ̀la, aṣọ àsíá gan-an dé, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní ìnàró. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ká ọwọ́ lérí. Bàbá Àgbà yọ ìṣó, ó gbé pátákó náà dìde, ó kàn án padà lóòró. Àsíá tiwa nìkan ló ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ ní gbogbo agbègbè yẹn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó ní, "Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kí ló tún ń dùbúlẹ̀ fún?"

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ wá kúrò lábẹ́ Àríwá, wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un gùn débi pé kò gba orí pátákó. Bàbá Àgbà ṣẹ́ ẹ sí ìlà méjì. Kò pẹ́ tó kọ ọ́ tán káàkiri ni wọ́n ní ó ti di Kwara. Inú rẹ̀ dùn. "Lẹ́tà márùn-ún péré!" ló ń sọ fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọkùnrin kan péjọ sábẹ́ àkàbà rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo pé ohun gbogbo ti yí padà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí igi tó wà lódì kejì títì. "Ẹ rọra," ó ní. "Mángòrò yẹn ò tíì gbọ́ pé òun ti kúrò ní Àríwá."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Èsìẹ́ náà, bó tilẹ̀ kúrú. Àlejò kan fẹ́ kó kọ àwọn pátákó kéékèèké tí wọn yóò gbé síwájú àwọn ère òkúta tó pọ̀ ní ìlú náà. Ó kọ orúkọ wọn sórí ìwé fún un: Ọba, Olorì, Jagunjagun, Ìránṣẹ́. Bàbá Àgbà lo ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín àwọn ère náà, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ èyí dé ọ̀dọ̀ ìyẹn, ó ń wo ojú wọn, ó ń bi àwọn àgbà Èsìẹ́ léèrè. Àwọn àgbà ní ohun tí àwọn gbọ́ ni pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n di òkúta. Ta ni ọba nínú wọn? Wọn ò mọ̀. Ó dá ìwé padà fún àlejò náà. Onítọ̀hún bínú, ó ní kí ló kàn án, ṣebí kíkọ ni wọ́n ní kó kọ. Bàbá Àgbà dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè sọ ẹni tí mi ò bá pàdé lórúkọ."

Síbẹ̀, ọkùnrin tó le báyìí lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe àṣìṣe kan. Ìtàn tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù láti sọ nìyí, Ìyá Àgbà sì ti sọ ọ́ fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n bí orin ìjọ.

Abúlé kan wà lọ́nà Bàbáńlá tí mo máa pè ní Òkè-Ìrókò. Bàbá Jósíà, ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà láti kékeré, ni alága àwọn tó ń kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan síbẹ̀. Àwọn ará abúlé náà fúnra wọn ni wọ́n bu yẹ̀pẹ̀, tí wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ru páànù lórí. Yàrá mẹ́rin, ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ pé ìjòyè ìjọba kan ń bọ̀ láti Ìlọrin wá wo àwọn abúlé inú ìpínlẹ̀ tuntun. Bàbá Jósíà sáré wá sí Òmù-Àrán.

"Ésékíẹ́lì, kọ ILÉ ÌWÒSÀN sí i fún wa, kó hàn gàdàgbà."

"Nọ́ọ̀sì ti dé?"

"Á dé."

"Bẹ́ẹ̀dì?"

"Á dé."

"Oògùn ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ á dé! Ṣé ìjọba á rán nọ́ọ̀sì sí ilé tí kò lórúkọ ni? Orúkọ ló ń pe nǹkan wá. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, kí ló ti dà tí a fi ń sọ ọ́ lórúkọ?"

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ yìí wọ Bàbá Àgbà lára. Ó lọ síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sórí pátákó gíga kan níwájú ilé náà. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó rántí ìgbà tí òun náà ò mọ̀wé, ó sì ya àgbélébùú pupa ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹni tí kò lè kàwé lè mọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ìfẹ́ inú rẹ̀ ni.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìjòyè náà dé nígbà tí Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Ó fẹ́ tún ọ̀dà kùn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń lu ilẹ̀kùn búlúù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ dákun, ẹ ṣílẹ̀kùn!" Ìyàwó rẹ̀, Ràfátù, wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ìrọbí ti mú un láti ọ̀sán àná. Sàlámì ni ọkùnrin náà ń jẹ́, àgbẹ̀ ni. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń tì í bọ̀ láti ìdájí. Ní oríta, ọwọ́ ọ̀tún ló lọ sí ọsibítù ìjọ tí nọ́ọ̀sì àti dókítà wà. Ọwọ́ òsì ló yà sí.

Bàbá Àgbà ní, "Ta ló ní kí ẹ wá síbí?"

Sàlámì tọ́ka sókè. "Mi ò mọ̀wé, Bàbá. Láti oríta ni mo ti rí àmì yẹn."

Ìyá Àgbà ní àkàbà já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Ó wo àgbélébùú pupa náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ti kúnlẹ̀ ti Ràfátù, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó sì gbójú sókè. "Bàbá Rúùtù, ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí fẹ́ fi jáde. Ọwọ́ mi ò ká a. Ẹ wá nǹkan ṣe!"

Bàbá Àgbà gbé àkàbà, ó sáré bọ́ sójú títì. Lọ́rì kan tó kó iṣu ń bọ̀ láti Bàbáńlá. Ó gbé àkàbà dábùú ọ̀nà, ó sì dúró sí àárín rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Táyà lọ́rì pariwo, ó dúró nígbà tó ku díẹ̀ kó gbá a. Dírẹ́bà yọrí síta. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Sọ iṣu kalẹ̀! Èèyàn ni o máa gbé!"

Gbogbo abúlé ló jáde. Iṣu ń fò sílẹ̀ bí òjò. Wọ́n tẹ́ aṣọ sí àyè tó ṣófo, wọ́n gbé Ràfátù sí i, Ìyá Àgbà gun ẹ̀yìn lọ́rì tẹ̀ lé e, Sàlámì rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lọ́rì sì gbéra. Àyè ò ku fún Bàbá Àgbà. Ó dúró sójú títì láàárín iṣu, kò mọ̀ bóyá obìnrin náà á yè é.

Ó padà sí ìdí pátákó. Ó ṣí agolo ọ̀dà funfun, ó gun àkàbà, ó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, lẹ́tà rẹ̀ àti àgbélébùú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ pé: ILÉ LÁSÁN NI ÈYÍ. NỌ́Ọ̀SÌ KÒ SÍ. ẸNI TÍ ARA RẸ̀ KÒ YÁ, KÓ GBA Ọ̀TÚN NÍ ORÍTA. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, ó ya ilẹ̀kùn kan tí ágádágodo wà lára rẹ̀, ó sì ya ọwọ́ ńlá kan tó ń tọ́ka sẹ́yìn, sí ọ̀nà oríta.

Ibẹ̀ ni Bàbá Jósíà bá a. Ó ka pátákó náà, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "O ti bà wá jẹ́! Ọ̀túnla ni wọ́n ń bọ̀! Ésékíẹ́lì, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Jósíà, obìnrin kan lè ti kú báyìí nítorí ọwọ́ mi."

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ìjọba ni kò rán nọ́ọ̀sì."

"Ìjọba kọ́ ló ya àgbélébùú yẹn."

Bàbá Jósíà gbá òpó pátákó mú, ó fẹ́ fà á tu. Bàbá Àgbà jókòó sókè àkàbà, ó wé apá mọ́ pátákó náà. Ó ní bó bá wó, àwọn méjèèjì ló máa jọ wó. Báyìí ni àwọn àgbà méjì yìí wà láti ọ̀sán, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí lọ́rì fi padà dé nírọ̀lẹ́. Kó tó dúró ni Ìyá Àgbà ti wà lórí ìdúró lẹ́yìn rẹ̀, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń jù ú lókè. "Ó ti bí o! Abo ni! Ìyá rẹ̀ ń jẹun! Ó ń jẹun o!" Ariwo ayọ̀ ta. Àwọn obìnrin jó káàkiri láàárín iṣu. Bàbá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Bàbá Jósíà wá jókòó tì í. Ó ní, "Kí ni mo wá fẹ́ sọ fún àlejò yẹn?"

Bàbá Àgbà ní, "Ohun tó wà níbẹ̀."

Ìjòyè náà dé lọ́túnla. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ka pátákó náà, ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un kà. "Ta ló kọ èyí?" Bàbá Jósíà ń wo ilẹ̀. Bàbá Àgbà jáde síwájú, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ń bú ìjọba?"

"Rárá o, sà. Òtítọ́ ni mo kọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí n pa á rẹ́, ẹ sọ ọ́ di irọ́."

Ìjòyè náà wò ó. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́. Ó fa ìwé yọ lápò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Kò ju bí oṣù mẹ́ta lọ tí ọkọ̀ ìjọba kan fi dé Òkè-Ìrókò pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn méjì, àti nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, gbogbo ilé wa ló lọ. Àwọn èèyàn ti pé jọ, wọ́n fẹ́ kí Bàbá Àgbà gun àkàbà lójú ẹsẹ̀. Ó kọ̀. Ó wọlé lọ. Ó fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùbúlẹ̀ sórí ọ̀kan, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó ní kí nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ló ká apá ẹ̀wù sókè.

"Ẹ gún mi lábẹ́rẹ́."

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì ò gún un. Ṣùgbọ́n ìṣó ti ha á ní àtàǹpàkò, nọ́ọ̀sì bá wẹ̀ ẹ́, ó fi oògùn tó ta á dáadáa sí i, ó sì fi báńdéèjì wé e. Bàbá Àgbà jáde sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na àtàǹpàkò funfun náà sókè, ariwo sì sọ débi pé àwọn adìyẹ fò lọ.

Ó gun àkàbà. Bàbá Jósíà ló dì í mú fún un nísàlẹ̀. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń jáde, gbogbo abúlé ló ń pè é: "I! L! É!" Àwọn tó mọ̀wé ń pè é, àwọn tí kò mọ̀wé ń pè é tẹ̀ lé wọn. Èmi náà ń pè é pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Lẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó mú ọ̀dà pupa, ó bẹ̀rẹ̀ àgbélébùú.

Kò tíì parí rẹ̀ nígbà tí bàbá arúgbó kan yọ láti ọ̀nà oko, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn, egbò wà ní ojúgun rẹ̀. Ó la àárín wa kọjá, ó kọjá lábẹ́ àkàbà gan-an, ọ̀dà pupa kán sí i léjìká, kò mọ̀. Òórùn oògùn ló ń fà á lọ. Ó wọlé, a sì gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń kí i káàbọ̀.

Bàbá Jósíà bínú. "Ẹ wò ó! Gbogbo wàhálà yìí, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo pátákó!"

Bàbá Àgbà wà lókè pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, àkàbà ń mì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Fi í sílẹ̀, Jósíà," ó ní. "Ó ti rí nọ́ọ̀sì. Kí ló tún ń wò mí fún?"